Orúkọ Lára Ọ̀pá, Idẹ Nínú Oríkèé: Ìtàn Kẹ̀kẹ́ Carlton

   Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo gbé wá lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin mẹkáníìkì àti ẹ̀yin tí ẹ ń jó irin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi létí dáadáa. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Tí mo bá dárúkọ Raleigh, kò sí àgbàlagbà kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí yóò ní òun kò gbọ́ ọ rí. Òun ni wolé-wolé ń gùn wọ abúlé nígbà tó bá fẹ́ wá yẹ ìkòkò omi wò. Òun ni tíṣà ń gùn lọ sí iléèwé. Òun ni àwọn tó ń ra kòkó ń gùn láti oko dé oko. Dúdú ni, ó wúwo, irin rẹ̀ le, àmì orí ẹyẹ kan tó lọ́rùn gígùn sì wà níwájú rẹ̀. Nottingham ni wọ́n ti ń ṣe é, ilé iṣẹ́ náà sì di ńlá débi pé ní ọdún 1951, kẹ̀kẹ́ tó ti ibẹ̀ jáde lé ní mílíọ̀nù kan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ Raleigh ni ìtàn tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí Raleigh fowó rà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Carlton. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní tíì gbọ́ orúkọ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan, ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ sá eré ìje kẹ̀kẹ́ lè fi ọ̀pọ̀ oṣù tọ́jú owó pa mọ́ kó tó lè ra ọ̀kan.

Ní ọdún 1898, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fred Hanstock bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kẹ̀kẹ́ ní abúlé Carlton-in-Lindrick, ní apá àríwá Nottinghamshire. Orúkọ abúlé náà ló fi sọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Láàrin ọdún 1930 sí 1940 ni iṣẹ́ náà ṣí lọ sí Worksop, ìlú kan tí kò jìnnà síbẹ̀, ní àgbègbè tí wọ́n ti ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ D. R. O'Donovan, ẹni tí wọ́n ti mọ̀ dáadáa lórí pápá eré ìje alùpùpù. Ọmọ rẹ̀, Gerald O'Donovan, dàgbà sínú iṣẹ́ náà. Ẹ má gbàgbé Gerald yìí, torí a ó tún padà kàn án.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí kò lè mọ ohun tó sọ nù. Tí ẹ bá tú táyà, ṣéènì, ìjókòó, pẹ́dàlì àti bíréèkì kúrò lára kẹ̀kẹ́, férémù ló máa kù nílẹ̀. Òun ni egungun kẹ̀kẹ́. Òun ló ń sọ bóyá kẹ̀kẹ́ á yá tàbí á máa wọ́ lẹ̀, bóyá ó máa dun ẹni tó ń gùn ún lẹ́yìn tàbí ó máa tù ú lára. Ọ̀pá irin oníhò ni wọ́n ń so pọ̀ tó fi ń di férémù. Ọ̀pá tó dára jù lọ nígbà náà ń wá láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Reynolds ní Birmingham. Láti ọdún 1897 ni wọ́n ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n kan: kí ẹnu ọ̀pá nípọn, kí àárín rẹ̀ fẹ́lẹ́, síbẹ̀ kí ìta rẹ̀ dọ́gba láti òkè délẹ̀. Ẹnu ọ̀pá ni iná ń bà, ibẹ̀ náà ni ìnira ń pọ̀ sí nígbà tí èèyàn bá ń gun kẹ̀kẹ́. Àárín kò nílò irin púpọ̀. Ní 1935, wọ́n gbé ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní 531 jáde. Tí ẹ bá fọwọ́ kan ọ̀pá 531, ẹ lè rò pé ó nípọn. Kò nípọn o. Irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe kẹ̀kẹ́ eré ìje lè má ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ láàárín.

Oníṣẹ́ á kọ́kọ́ gé ẹnu ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kó lè bá èyí tó máa fara tì mu rẹ́gí, tí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní rí ibi kọjá láàrin wọn. Lẹ́yìn náà, á ti ẹnu ọ̀pá bọ inú oríkèé, ìyẹn irin kékeré olójú méjì tàbí mẹ́ta tó máa di àwọn ọ̀pá náà mú. Oríkèé yìí náà kì í wọ iṣẹ́ bó ṣe ti ọjà dé. Fáìlì ni oníṣẹ́ á fi ha á, á máa ha á, á máa yí i wò, títí etí rẹ̀ á fi fẹ́lẹ́, tí yóò fi dà bíi pé ara ọ̀pá ló ti hù jáde. Iṣẹ́ fáìlì yìí nìkan lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí lórí férémù kan ṣoṣo.

Iná ló wá kàn. Wọ́n á fi ìpara kan kun ojú irin kí atẹ́gùn má bàa bà á jẹ́ nínú iná, wọ́n á sì tan gáàsì sí i. Irin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, àwọ̀ rẹ̀ á máa yí padà bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i. Idẹ ni wọ́n fi ń so ó pọ̀, idẹ yìí kì í sì í yọ́ dáadáa àyàfi tí ooru bá tó nǹkan bí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ooru bá pé, idẹ á yọ́, á sì rìn wọ inú àlàfo tó wà láàrin ọ̀pá àti oríkèé bí epo pupa ṣe ń wọ inú isu gbígbóná. Bí ooru kò bá pé, ìta ni idẹ máa dúró sí, inú á ṣófo. Bí ooru bá pọ̀ jù, agbára irin á dín kù, ọjọ́ kan tí ẹni tó ni ín ń sáré lọ lórí rẹ̀ ni ọ̀pá náà máa sán. Ojú oníṣẹ́ ló ń wo àwọ̀ irin, ọwọ́ rẹ̀ ló mọ ìgbà tó yẹ kí ó fa iná sẹ́yìn. Kò sí ìwé tí èèyàn lè kà tí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, kó wo iná lọ́wọ́ rẹ̀, kó bà á jẹ́, kí ọ̀gá gé e kúrò, kó tún un ṣe, lọ́dọọdún.

Ohun kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà kun férémù, kò sí ẹni tó tún lè rí inú oríkèé mọ́. Férémù tí idẹ wọ inú rẹ̀ tán àti èyí tí inú rẹ̀ ṣófo, ọ̀kan náà ni lójú oníbàárà. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ọ̀pá nìkan ló ń ṣe ẹlẹ́rìí fún ohun tí kò ṣeé rí. Nítorí náà, ẹni tí orúkọ yẹn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn èèyàn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, ó sì lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tó bá wù ú.

Ní 1960 ni Raleigh ra Carlton. Ọdún yẹn náà ni Raleigh fúnra rẹ̀ wọ abẹ́ Tube Investments, tí gbogbo ayé ń pè ní TI, ilé iṣẹ́ ńlá tó ni oríṣiríṣi iṣẹ́ irin, tó sì ni Reynolds tó ń ṣe ọ̀pá. Phillips àti Hercules, tí àwọn bàbá wa náà gùn dáadáa, ti TI ni wọ́n. Raleigh ní tirẹ̀ ti kó Humber mọ́ra ní 1932, ó ti gba Rudge ní 1943, ó gba ẹ̀ka kẹ̀kẹ́ Triumph ní 1954 àti ti BSA ní 1957. Ìdí tí wọ́n fi ń ra ara wọn báyìí kò ju pé ọjà kẹ̀kẹ́ ti ń ṣá lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń rówó ra alùpùpù àti mọ́tò, kẹ̀kẹ́ kì í ṣe dandan fún wọn mọ́. Ilé iṣẹ́ tó bá dá dúró ń bẹ̀rù pé òun lè kú.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Raleigh lè ṣe kẹ̀kẹ́ mílíọ̀nù kan lọ́dún, ẹ̀rọ á sì máa so oríkèé wọn lọ́pọ̀lọpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ eré ìje tí wọ́n ń fi fáìlì ha, tí wọ́n ń jó níkọ̀ọ̀kan, kò sí ibi tó ti lè bá irú iṣẹ́ yẹn mu. Carlton mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kò ní àwọn oníṣọ́ọ̀bù káàkiri ayé tí yóò bá a tà á. Bí wọ́n ṣe di ọ̀kan nìyẹn.

Mi ò ní sọ pé ọjọ́ tí wọ́n ra Carlton ni ó kú, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ dára. Gerald O'Donovan kò kúrò níbẹ̀. Worksop ṣì ni wọ́n ti ń ṣe férémù, àwọn ọwọ́ kan náà ló ṣì ń jó o. Kẹ̀kẹ́ Carlton bẹ̀rẹ̀ sí í dé ibi tí kò dé rí, ó dé Amẹ́ríkà pàápàá. Ẹni tó bá ń sọ pé gbogbo olówó tó bá ra iṣẹ́ ọwọ́ ló ń wá a pa, kó lọ wo àwọn kẹ̀kẹ́ Carlton tí wọ́n ṣe láàrin 1960 sí 1970, àwọn bíi Flyer àti Franco Suisse. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ Raleigh, wọn kò mọ Carlton. Kí ni ọ̀gá tó wà ní Nottingham máa ṣe? Ó ní kí wọ́n fi orúkọ Raleigh sára èyí tó dára jù nínú iṣẹ́ Worksop. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ Raleigh Professional àti Raleigh International ṣe jáde: àwọn tó ń ṣe Carlton ló ṣe é, iná Worksop ló jó o, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíì ló wà lára ọ̀pá. Èmi rò pé ẹni tó ṣe é kò ní èrò ibi lọ́kàn. Oníṣòwò ni, ó ń wá ohun tó máa tà. Síbẹ̀, láti ọjọ́ yẹn ni òkìkí iṣẹ́ ọwọ́ Worksop ti ń lọ sílé onílé. Bí férémù bá dára, Raleigh ni wọ́n ń yìn.

Òdì kejì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ra kẹ̀kẹ́. Ní 1973, iye tí wọ́n tà níbẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 15. Kò sí ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ kan ní Yúróòpù tí ìwé béèrè-fún-ọjà kò kún inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí Worksop yára. Ẹ ronú nípa ohun tí mo sọ lórí fáìlì àti iná. Níbo ni èèyàn ti lè yára nínú iṣẹ́ yẹn? Ibi fáìlì ni, tàbí ibi iná, tàbí ibi ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí kò tíì gbó tí wọ́n gbé iná lé lọ́wọ́. Àwọn tó ń kó kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jọ lónìí máa ń sọ pé àwọn férémù kan láti ìgbà yẹn ní oríkèé tí etí rẹ̀ wú, tí idẹ sì ṣàn kọjá ibi tó yẹ kó dé. Wọ́n ń rí i nígbà tí wọ́n bá ha ọ̀dà kúrò láti tún un kùn. Láàrin ọdún méjì, ọjà Amẹ́ríkà yẹn tún wọlẹ̀.

Nígbà tó yá, orúkọ Carlton bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára kẹ̀kẹ́ tí kò dé Worksop rí. Nottingham ni wọ́n ti ṣe é, ní ilé ẹ̀rọ ńlá, irin rẹ̀ kì í sì í ṣe 531. Sítíkà Carlton ló kàn wà lára rẹ̀, torí orúkọ náà ṣì ń tajà láàrin àwọn ọ̀dọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹni tó bá mọ̀ ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí pẹ́dàlì ti sopọ̀ mọ́ férémù, wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà mọ́ irin. Láti nǹkan bí 1973, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà yẹn ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe férémù náà: W dúró fún Worksop, N dúró fún Nottingham. Lẹ́tà kejì ń sọ oṣù, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ń sọ ọdún. Èèyàn lè rí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kọ Raleigh gàdàgbà sí lára, kó rí W lábẹ́ rẹ̀. Ó sì lè rí èyí tí wọ́n kọ Carlton sí, kó jẹ́ N ló wà nísàlẹ̀. Ẹni tó rà á ní ṣọ́ọ̀bù kò mọ̀. Orúkọ tó wà lókè ló kà.

Wàyí o, ohun kan ṣẹlẹ̀ tó fi hàn pé àwọn ọ̀gá pàápàá mọ ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Raleigh fẹ́ kó ẹgbẹ́ eléré kan jọ tó lè bá àwọn ará Fransì, Ítálì àti Bẹ́ljíọ̀mù figa gbága. Ẹgbẹ́ náà ni TI-Raleigh, Peter Post, ará Netherlands, sì ni olùdarí rẹ̀. Ta ni yóò ṣe kẹ̀kẹ́ fún wọn? Kò sẹ́ni tó dárúkọ ilé ẹ̀rọ ńlá ní Nottingham. Gerald O'Donovan ni wọ́n pè. Ní 1974, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ kékeré kan fún un ní Ilkeston, ìlú kékeré kan ní Derbyshire, pẹ̀lú ìwọ̀nba oníṣẹ́ díẹ̀. Férémù tó bá ti ibẹ̀ jáde ní lẹ́tà SB níwájú nọ́ńbà rẹ̀.

Ilkeston yìí ni Gerald àti Reynolds ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pá tuntun tí wọ́n ń pè ní 753. Ó fẹ́lẹ́ ju 531 lọ dáadáa, ó sì le jù ú lọ, torí pé wọ́n ti fi ooru tọ́jú irin rẹ̀ kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Ìyẹn ló mú wàhálà wá. Tí wọ́n bá fi idẹ jó o, ooru rẹ̀ á ba ìtọ́jú náà jẹ́. Fàdákà ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò, torí fàdákà ń yọ́ nígbà tí ooru kò tíì tó ti idẹ rárá, iná náà sì gbọ́dọ̀ rọra débi pé àṣìṣe díẹ̀ báyìí ti bà á jẹ́. Reynolds kò ta ọ̀pá yìí fún gbogbo ayé. Oníṣẹ́ tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jó oríkèé kan, kó fi ránṣẹ́ sí Birmingham, kí wọ́n dán an wò. Bó bá yege, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí. Bí kò bá yege, kó padà lọ kọ́ṣẹ́. Mo fẹ́ràn òfin yìí gidigidi. Ọwọ́ oníṣẹ́ ni wọ́n dán wò, wọn kò béèrè orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ẹgbẹ́ TI-Raleigh náà sì ṣe bẹbẹ. Gerrie Knetemann gba ìdíje àgbáyé ní 1978, Jan Raas gbà á ní 1979, Joop Zoetemelk sì gba Tour de France ní 1980 lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kọ Raleigh sí lára. Ọmọ O'Donovan ti Carlton ló wà nídìí kẹ̀kẹ́ náà. Nínú gbogbo ayọ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Paris, níbi tí eré ìje náà parí sí lọ́dún náà, orúkọ Carlton kò hàn síbì kankan.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1981, ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ Worksop pa.

Ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wó lulẹ̀ lákòókò náà, ilé iṣẹ́ ń tì káàkiri, kẹ̀kẹ́ láti Japan àti Taiwan sì ti ń wọlé, ó dára, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Raleigh ń pàdánù owó. Nínú ìwé ìṣirò, Worksop jẹ́ ilé kan tó ń ná owó, tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé náà ní Nottingham kò ní rí i pé ibẹ̀ ni Gerald ti kọ́ṣẹ́, pé ibẹ̀ ni Raleigh Professional ti wá. Kò sí ìlà kan nínú ìwé ìṣirò tí wọ́n ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Wọ́n kó orúkọ Carlton lọ sí Nottingham, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ kẹ̀kẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà wọ́n jẹ́ kó wọlẹ̀ lọ. Ilkeston náà kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tó ti òun náà, tí wọ́n kó iṣẹ́ rẹ̀ wọ Nottingham.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni Ilkeston. Ó fi hàn pé kò sí ẹni tó lè ní àwọn kò mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n mú ọwọ́ tó dára jù níbẹ̀, wọ́n fi sínú iyàrá kan, wọ́n fi ṣe ohun ẹ̀yẹ fún eléré. Ṣùgbọ́n ibi tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń hù, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù ojoojúmọ́ tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti lè wọlé wá gbálẹ̀, kó di ẹni tó ń di fáìlì mú, kó di ẹni tí wọ́n ń gbé iná fún, ibẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kó kú. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ Worksop túká, tí àwọn kan wá iṣẹ́ mìíràn, tí àwọn kan fẹ̀yìn tì, kò sí iye owó tó lè tún kó wọn jọ.

Ohun tí Raleigh ṣe fún Carlton náà ni àwọn mìíràn wá ṣe fún Raleigh. Ní 1987, TI tà á fún ilé iṣẹ́ Derby International. Ní 1999, wọ́n fòpin sí ṣíṣe férémù ní Nottingham, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wọn lu gbàǹjo. Sturmey-Archer, ẹ̀ka wọn tó ti ń ṣe jíà inú kẹ̀kẹ́ láti 1902, wọ́n tà á fún àwọn ará Taiwan ní 2000. Ní ọdún 2002 ni kẹ̀kẹ́ ìkẹyìn jáde ní Nottingham. Yunifásítì Nottingham ló ní ibi tí ilé iṣẹ́ náà wà tẹ́lẹ̀ báyìí. Ní 2012, ilé iṣẹ́ Accell ti Netherlands ra orúkọ Raleigh àti òwò rẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 dọ́là. Bí ẹ bá rí kẹ̀kẹ́ tuntun tí wọ́n kọ Raleigh sí lónìí, kò ti Nottingham wá. Kẹ̀kẹ́ dúdú tí bàbá yín gbé tì sí ẹ̀yìn ilé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ti ibẹ̀ wá.

Carlton nìkan kọ́ ló rí irú èyí. Claud Butler jẹ́ oníkẹ̀kẹ́ tó lókìkí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wọ gbèsè ní 1956, àwọn mìíràn ra orúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì ti kọjá lọ́wọ́ oríṣiríṣi olówó láti ìgbà náà. Ti Alex Moulton yàtọ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ onítáyà kékeré jáde ní 1962, Raleigh rà á ní 1967, wọ́n sì dá ṣíṣe rẹ̀ dúró lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n Moulton fúnra rẹ̀ ṣì wà láyé nígbà náà, ọgbọ́n iṣẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Bradford-on-Avon sì wà níbẹ̀. Ó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà, ní 1983 ó tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n rà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì gba ọgbọ́n náà kúrò níbi tó wà.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù níhìn-ín, bí ẹnì kan bá fi owó ńlá wá ra iṣẹ́ yín, ìbéèrè tí ẹ máa kọ́kọ́ bi í kì í ṣe iye owó nìkan. Ẹ bi í pé orúkọ mi, kí ni ẹ máa fi sí lára? Ẹ bi í pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ta ni yóò máa kọ́ ọmọ níṣẹ́ níbí, ta ni yóò sì máa san owó ọmọ náà? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kà á, kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: ní ìlú Derby, tí kò jìnnà sí Nottingham, Tom Crowther àti Lou Barker dá ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Mercian sílẹ̀ ní 1946. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iná gbangba orí ààrò ni wọ́n fi ń jó férémù níbẹ̀, ọ̀nà kan tí kò wọ́pọ̀ mọ́ rárá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, wọ́n kéde pé Mercian ń kógbá sílé. Àwọn tó ti gùn ún fún ọ̀pọ̀ ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé ìdárò. Kó tó di pé ọdún náà parí, àwọn kan ní àgbègbè náà tí wọ́n fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ pawọ́ pọ̀, wọ́n rà á, wọ́n sì ní iṣẹ́ férémù ọlọ́wọ́ yóò máa bá a lọ ní Derby. Àwọn náà ti di onílé tuntun báyìí, ìbéèrè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n máa dáhùn: ta ni yóò di iná mú nígbà tí àwọn àgbà ibẹ̀ bá fẹ̀yìn tì?